Báàjì Kì í Jẹun

Ní ilé ìwòsàn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ pe obìnrin náà mọ́. Má-Mira ni wọ́n ń pè é, láti orí ọ̀gá àgbà títí dé orí ẹni tó ń nu ilẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi ìtànṣán ya àwòrán egungun àti ẹ̀dọ̀fóró àwọn aláìsàn. Ọ̀rọ̀ tó ń tẹnu rẹ̀ jáde láàárọ̀ ṣúlẹ̀ kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ: má mira; má mí; ó tó, máa mí.

Yàrá rẹ̀ wà ní òpin ọ̀nà tóóró kan. Tábìlì gíga tí aláìsàn ń sùn lé wà láàárín rẹ̀, ẹ̀rọ rọ̀ sókè lórí tábìlì náà, gíláàsì tó nípọn sì wà ní igun kan tí òun fúnra rẹ̀ máa ń bọ́ sẹ́yìn rẹ̀ kó tó tẹ bọ́tìnnì. Ara ògiri ni ẹ̀wù òjé, tí ìtànṣán kì í là kọjá, máa ń kọ́ sí. Ó wúwo bí ọmọ ọdún kan tó ti sùn lọ, ìgbà tó bá sì ní láti di aláìsàn mú nìkan ló ń wọ̀ ọ́.

Ẹni tó bá rí i á ní ó le lójú. Irọ́ ni, kò le rárá. Ara rẹ̀ ló kú. Ọdún kẹwàá rèé tí ọkọ rẹ̀ jókòó sórí àga lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, tó ní òun fẹ́ fẹ̀yìn tì díẹ̀, tí kò sì dìde mọ́. Lọ́jọ́ kẹjọ, Má-Mira ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn èèyàn ní obìnrin yìí mà lọ́kàn o. Ọkàn wo? Ṣé ẹ ti jókòó lé ẹsẹ̀ yín rí títí ẹsẹ̀ náà fi kú? Bí gbogbo ara rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ó ń rìn, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń kí èèyàn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ja á léèkánná, bóyá ló máa mọ̀. Búrẹ́dì gbígbẹ ló fi ń ṣe oúnjẹ àárọ̀ àti ti alẹ́. Kì í ṣe pé kò rówó ra nǹkan míì, kò kàn rí ìdí tó fi yẹ kóun dáná.

Àárín ìgbà yẹn ni àṣìṣe náà ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín dáadáa, torí òun ni gbogbo ìtàn yìí rọ̀ mọ́. Gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ìtànṣán ló ní báàjì kékeré kan tó máa ń há mọ́ àyà. Kì í ṣe báàjì orúkọ. Ìtànṣán tó bá bà á, ńṣe ló máa ń fi pa mọ́ sínú. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, akọ̀wé kan á wá kó gbogbo báàjì, wọ́n á fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń kà á, ìwé á sì padà dé pé lágbájá gba iye báyìí, tàmẹ̀dù gba iye báyìí. Òfin rẹ̀ kò le: bí o bá ń ṣiṣẹ́, kó wà láyà rẹ, bí o bá bọ́ ẹ̀wù òjé, yọ báàjì kúrò lára rẹ̀. Má-Mira, tó ti fi ọdún mẹ́tàlá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun ní òfin yìí, gbé ẹ̀wù òjé kọ́ lọ́jọ́ kan, ó gbàgbé báàjì sára rẹ̀, kò sì rántí mọ́. Òun wà lẹ́yìn gíláàsì, báàjì wà lára ògiri nítòsí tábìlì, ó ń gba gbogbo ìtànṣán tó ń fò kiri inú yàrá. Ọjọ́ tí akọ̀wé wá kó wọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i níbẹ̀. Ó yọ ọ́, ó nù ún, ó gbé e lé akọ̀wé lọ́wọ́.

Ìwé dé. Nọ́ńbà rẹ̀ ga débi pé wọ́n fi bírò pupa yí i po. Ọ̀gá pè é, ó bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Má-Mira mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bí ẹní mowó. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́, kò ní agbára àlàyé. Ó ní òun ò mọ̀, ó sì rò ó lọ́kàn pé bó bá dọ̀la, òun á sọ ọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin yà wá sílé. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ẹ̀gbọ́n sì fi ọdún mọ́kànlá jù ú lọ. Kọ́tìnnì ló ń rán, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí ilé mẹ́rin péré wà láàárín rẹ̀ àti ilé Má-Mira. Ẹnu obìnrin náà kì í dákẹ́, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kì í dákẹ́, rédíò rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó rí ìwé lórí tábìlì, ó rí nọ́ńbà tí wọ́n fi pupa yí po, ó ní kí lèyí. Má-Mira ní iye ìtànṣán tí wọ́n ní ó wọ òun lára ni. Àgbàlagbà obìnrin jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ó ní àna òun lọ, àbúrò òun náà tún fẹ́ lọ.

Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ti gbé kúlà dé. Oúnjẹ gbígbóná ló wà nínú rẹ̀. Ó ṣí i, ó fi ṣíbí lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì dúró tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tó ń lo oògùn. Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa gbé oúnjẹ síwájú Má-Mira kó sì dúró títí tó fi jẹ ẹ́ tán. Nígbà tó jẹ ẹ́ dé àárín, ó la ẹnu láti sọ òótọ́. Ó wá rò ó pé tí òun bá sọ ọ́, kúlà ò ní wá lọ́la. Ló bá tún bu oúnjẹ sẹ́nu.

Bó ṣe dákẹ́ nìyẹn o. Wọ́n yẹ ẹ̀rọ wò nílé ìwòsàn, kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ. Wọ́n ní kó kúrò nídìí ìtànṣán fún oṣù mẹ́ta, kó lọ máa to fáìlì. Ó lọ ń to fáìlì.

Àṣé ọ̀rọ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, rédíò ṣọ́ọ̀bù gbé ètò kan sáfẹ́fẹ́. Onímọ̀ kan ń sọ pé àwọn kan ń ṣe ìwádìí lórí àwọn èròjà tó wà nínú ohun tí à ń jẹ, bíi atalẹ̀ pupa, ááyù, ewé tíì, ọsàn àti ẹ̀fọ́. Ó ní nínú abọ́ àyẹ̀wò àti lára eku, ó jọ pé irú èròjà bẹ́ẹ̀ lè dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì ara nígbà tí ìtànṣán bá fẹ́ bà á jẹ́. Ó ní bóyá wọ́n á wúlò fún èèyàn lọ́jọ́ iwájú, ṣùgbọ́n kò tíì dájú. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń pariwo ní gbogbo ìgbà tó ń sọ̀rọ̀. "Dáàbò bo" ni ẹ̀gbọ́n gbọ́. "Bóyá" àti "kò tíì dájú" bá ariwo ẹ̀rọ lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò parí tó fi ra atalẹ̀ pupa wálé. Ó gé e wẹ́wẹ́, ó sá a sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù láàárín kọ́tìnnì àwọn oníbàárà, ó lọ̀ ọ́ kúnná, ó rọ ọ́ sínú ìgò ńlá. Ó po ááyù mọ́ ọn. Ó ra oògùn fítámì tó ní gbogbo èròjà náà ló wà nínú hóró kan. Kò sóhun tó wọ inú kúlà láti ọjọ́ náà tí kò pọ́n. Kọ́là aṣọ iṣẹ́ funfun Má-Mira pọ́n, èékánná rẹ̀ pọ́n. Nígbà tó fi máa padà sídìí ẹ̀rọ, ááyù tó ń rùn lẹ́nu rẹ̀ ti le débi pé àwọn aláìsàn kì í dúró dìgbà tó bá ní kí wọ́n má mí.

Ìwé oṣù mẹ́ta mìíràn dé, nọ́ńbà ti wálẹ̀ pátápátá. Yóò kúkú wálẹ̀, ṣebí ìdí fáìlì ló jókòó sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n jó yí ṣọ́ọ̀bù po, ó gba ìwé náà, ó tọ́jú rẹ̀ sínú agolo bísíkíìtì. Bó ṣe ń ṣe ìyókù náà nìyẹn, fún ọdún mẹ́jọ gbáko. Ó di oníṣègùn àdúgbò. Ẹni tó wá ra kọ́tìnnì á gba ìyẹ̀fun pupa lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá sì ń jiyàn, ẹ̀gbọ́n á ṣí agolo fún un pé wo ìwé àbúrò mi, ìjọba ló tẹ̀ ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ń jẹ ẹ́, ó ní ẹni tó ń sè kì í ṣàìtọ́ ọ wò. Má-Mira gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó dákẹ́, ó ń jẹun. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tirẹ̀ ò tiẹ̀ tó ogún.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n fọwọ́ kan kókó kan nínú ọmú rẹ̀ òsì. Má-Mira ló ya àwòrán rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń bọ́ aṣọ ló ń ṣàwàdà pé ọmú tí kò sẹ́ni tó wo ojú rẹ̀ mọ́ ni wọ́n wá ń yà ní fọ́tò. Má-Mira tò ó sórí pẹpẹ ẹ̀rọ, ó sọ gbólóhùn mẹ́ta rẹ̀, àwòrán yọ. Ohun funfun kan wà níbẹ̀ tó ta gbòǹgbò yíká. Ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún méjìlélógún, ta ló máa sọ fún un? Ó kọ ọjọ́ sí i, ó kọ "òsì" sí i, ó gbé e lọ sórí tábìlì dókítà, ó fọ ọwọ́. Ó dúró nídìí ẹ̀rọ omi pé kí ẹ̀rù wá ba òun. Ẹ̀rù ò wá.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n yọ kókó náà. Dókítà ní ó ku ìtànṣán, ọ̀sẹ̀ márùn-ún, láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, kó lè pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó bá ṣẹ́ kù sínú ara. Ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó pe tẹ̀gbọ́n tàbúrò wọlé, ó ní kí Màmá sọ gbogbo ohun tí wọ́n ń jẹ àti ohun tí wọ́n ń lò. Ohun tí ẹ̀gbọ́n ti ń dúró dè nìyẹn. Ó kó ìgò ìyẹ̀fun jáde nínú báàgì, ó kó ìgò fítámì tẹ̀ lé e, ó ṣàlàyé títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Dókítà ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí Màmá máa jẹ oúnjẹ wọn bí àwọn èèyàn ṣe ń jẹun, ẹ̀fọ́ dára, ọsàn dára. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun tí wọ́n ń bù ní ṣíbí ṣíbí àti hóró oògùn yẹn, kí wọ́n jáwọ́ nínú wọn títí ìtànṣán á fi parí.

"Màmá, kò sẹ́ni tó tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé wọ́n ń dáàbò bo èèyàn," ló wí. "Ká tiẹ̀ ní wọ́n ń ṣe é. Bí ẹ bá na agboòrùn sórí ọmọ yín, tí olè wá sá sábẹ́ rẹ̀, òjò ò ní pa olè náà. Olè yẹn gan-an ni mo sì fẹ́ kí òjò yìí pa."

Ẹ̀gbọ́n ní ó ti yé òun, ó dúpẹ́, ó palẹ̀ ìgò rẹ̀ mọ́. Wọn ò tíì rìn dé ìdajì ọ̀nà tóóró tó fi tú ọ̀rọ̀ náà dànù. Ó ní ọmọdé ni dókítà yẹn, ọjọ́ wo ló dé ilé ayé. Má-Mira ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ló sọ.

"Ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí iná á fi máa jó mi ni kí n wá ju ohun tó ń dáàbò bò mí nù?" Ẹ̀gbọ́n dúró, ó wò ó lójú. "Ìwọ tó o ti wà nínú iná láti gbogbo ọdún yìí wá, kí ló ṣe ọ́? Ìwọ ni ẹ̀rí mi. Ìlọ́po méjì ni mo máa lò láti ọjọ́ Ajé."

Ọjọ́ méjì ló kù. Má-Mira lọ sílé, ó jókòó sórí àga. Ó ro ti pé kóun lọ fẹjọ́ sun dókítà, ṣùgbọ́n kí ni dókítà fẹ́ ṣe ju kó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ? Ta ló máa tú inú àgbàlagbà wò? Ẹ̀gbọ́n á ní òun ti jù ú nù, á sì máa pò ó mu. Òpó kan ṣoṣo ló gbé ìgbàgbọ́ ẹ̀gbọ́n dúró, irọ́ tóun Má-Mira pa sì ni òpó náà. Bí agboòrùn bá bo olè, ẹ̀gbọ́n ni yóò kú. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń rò ó bí ẹni tó ń ka ìwé ẹlòmíràn. Kúlà ló kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn, pé ta ló máa gbé kúlà wá fún òun? Ojú ti í. Ìtìjú yẹn nìkan ló tó nǹkan lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ó rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n ń fi ẹ̀rọ ká etí kọ́tìnnì bulúù kan, ìgò ìyẹ̀fun wà lójú fèrèsé, ṣíbí ti wà nínú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dá ẹ̀rọ dúró."

Ẹ̀gbọ́n dá a dúró. Ó tiẹ̀ pa rédíò.

"Ìtànṣán ọjọ́sí yẹn ò wọ̀ mí lára. Mo gbàgbé báàjì sára ẹ̀wù òjé ni. Ara ògiri ló wà títí akọ̀wé fi dé. Báàjì ló gba ìtànṣán, kì í ṣèmi."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní kó yéé ti dókítà lẹ́yìn, ó nawọ́ sí agolo bísíkíìtì. Ó ní àwọn ìwé tó wálẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ ńkọ́?

"Báàjì kì í jẹun, ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tó bá bà á ló ń kà. Mo jẹ atalẹ̀ pupa o, mo jẹ yẹ̀pẹ̀ o, kò mọ̀."

Ẹ̀rín náà kúrò lójú ẹ̀gbọ́n díẹ̀díẹ̀. Ó wo agolo, ó wo ìgò, ó wá wo àbúrò rẹ̀.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Kí ìwé tó dé ni mo ti mọ̀."

"Mo sunkún lójú rẹ."

"Mo rí yín."

"Oúnjẹ yẹn, ṣé ó máa ń dùn?"

"Kì í dùn."

"Kí ló wá dé tó o ń jẹ ẹ́?"

"Kò sẹ́lòmíì tó ń gbé oúnjẹ wá fún mi," ló wí.

Ẹ̀gbọ́n kò bú u. Ó yí padà sí ẹ̀rọ, ó ká etí kọ́tìnnì náà dé òpin, ó feyín já òwú. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó kó ìgò ìyẹ̀fun àti ìgò fítámì sínú ọ̀rá kan, ó fi kọ́ àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní kó máa lọ sílé.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, kúlà ò wá. Má-Mira dúró lẹ́nu ọ̀nà títí iṣẹ́ fi fẹ́ pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá lọ ra búrẹ́dì. Ẹ̀gbọ́n lọ gba ìtànṣán rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń lọ lójoojúmọ́. Ó sọ fún dókítà pé òun ò lo ohunkóhun mọ́, òótọ́ sì ni. Ẹnu yàrá Má-Mira ló ń gbà kọjá. Ọ̀sẹ̀ kìíní parí, ìkejì parí, ìkẹta parí, kò yíjú wò ó lẹ́ẹ̀kan. Bí Má-Mira bá kí i, á dáhùn bí ẹni tó ń dá oníbàárà tí kò mọ̀ lóhùn. Ohun tí Má-Mira fẹ́ ló ṣẹ yẹn, kò kúkú ní ẹjọ́ kankan rò.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, agbára bẹ̀rẹ̀ sí í tán lára ẹ̀gbọ́n. Awọ àyà rẹ̀ dúdú, ó bó. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìtànṣán, kò lè dìde lórí bẹ́ǹṣì tó wà ní ọ̀nà tóóró. Ó fi orí ti ògiri, ó dijú, ẹnu rẹ̀ tí kì í dákẹ́ ti dákẹ́. Má-Mira rí i láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Nígbà tó délé lọ́jọ́ náà, ó fọ ìkòkò tí kò gbé kaná láti ọdún mẹ́sàn-án. Ìrẹsì àkọ́kọ́ jóná, ó dà á nù. Ó se òmíràn, ó din ẹyin. Ó ń wá nǹkan tó máa gbé e sí, ó bá kúlà ẹ̀gbọ́n nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ìkan tí kò tíì dá padà.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n, ó ṣí i, ó fi ṣíbí lé e lọ́wọ́, ó sì dúró tì í. Ẹ̀gbọ́n wo inú kúlà pẹ́. Ó bu ṣíbí kan.

"Kò níyọ̀," ló wí.

Ó bu òmíràn. Bó ṣe ń jẹ ẹ́ lọ nìyẹn, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ha ìdí kúlà. Ó dé e, ó nu ẹnu, ó gbé e fún àbúrò rẹ̀.

"Fi iyọ̀ sí i lọ́la."

Má-Mira gba kúlà, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Bíríkìlà kan tó ṣubú láti orí àkàbà ń dúró dè é lórí tábìlì. Má-Mira to ẹ̀rọ sókè àyà rẹ̀, ó ní má mira, ó ní má mí, ó bọ́ sẹ́yìn gíláàsì, ó tẹ bọ́tìnnì. Ibẹ̀ ló ti dé bá a. Ẹ mọ bí ẹsẹ̀ tó kú ṣe máa ń rí nígbà tó bá ń jí, bó ṣe máa ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́ títí tá a fi máa fẹ́ pariwo. Àtẹsẹ̀ àtorí ló ti ń gún un. Ó sunkún ọkọ rẹ̀, ó sunkún àwòrán funfun yẹn, ó sunkún ọdún mẹ́jọ oúnjẹ tí kò dùn. Ó di etí gíláàsì mú, ẹkún náà ò gbọ́ ìdákẹ́.

Láti orí tábìlì, bíríkìlà fi ohùn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pin pè é.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè mí báyìí?"

"Ó tó," ló wí. "Máa mí."